Kọ́kọ́rọ́ Tí Màmá Mi Fi Lé Ṣọ́jà Lọ́wọ́

Òórùn méjì ló máa ń pàdé ní kíṣìnnì wa ní ìgbà ooru ọdún tí mo bí àkọ́bí mi: òórùn omi adágún Birchmere tí ewé wẹ́wẹ́ ti bò lójú, tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, àti òórùn òrí tí màmá mi ń yọ́ sínú abọ́ kékeré kí wọ́n tó fi pa ọmọ lára. Bí o bá ti gbé Thamesmead ní London rí, wàá mọ òórùn àkọ́kọ́ yẹn. Kò burú púpọ̀. Ó kàn jẹ́ òórùn omi tí kò níbi tó ń lọ ni. Títí dòní, tí mo bá gba ẹ̀bá adágún náà kọjá lọ́jọ́ tí oòrùn mú, ọkàn mi máa ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ tí màmá mi fi ilé wa fún àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀.

Màmá mi ti Ìjẹ̀bú wá bá wa wẹ ọmọ. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Alhaja tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì yanjú ju èmi tí mo ń gbé London lọ, tí n kò sì rí i kí wọ́n bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí. Oṣù mẹ́fà ni físà wọn, orí oṣù mẹ́fà náà sì ni gbogbo ètò mi dúró lé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi sì ti ń béèrè ọjọ́ tí mo máa padà. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Lọ́sẹ̀ kan á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, lọ́sẹ̀ kejì ó di ọ̀sán. Bí màmá mi kò bá sí nílé, a jẹ́ pé èmi náà kò ní iṣẹ́ mọ́ nìyẹn. A fún wọn ní yàrá kékeré tó kọjú sí adágún, wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun wọn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, inú mi sì dùn pé ohun gbogbo ti bọ́ sí i.

O rántí ìgbà ooru yẹn, tí gbogbo ayé kóra jọ wá ṣe eré ìdárayá Òlíńpíìkì ní London. Ṣọ́jà kì í ṣe ohun tuntun ní Woolwich, àdúgbò tó múlé gbe tiwa. Bárékè wọn ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa, àwa tí a ń lọ ra ata àti ẹja gbígbẹ lọ́jà kì í tilẹ̀ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, nítorí ààbò eré náà, wọ́n pọ̀ sí i: wàá rí wọn nínú bọ́ọ̀sì, wàá rí wọn lórí ìlà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n gbé omi àti bisikíìtì dání bíi gbogbo ènìyàn. Èmi ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. N kò kíyè sí i pé nígbàkúùgbà tí èmi àti màmá mi bá jọ ń rìn, tí ṣọ́jà kan bá ń bọ̀ níwájú, màmá mi máa ń kúrò lójú ọ̀nà pátápátá títí á fi kọjá. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ ọmọ ni wọ́n ń wá àyè fún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn, mo lọ ra tàtàṣé àti ẹja ní Woolwich. Nígbà tí mo padà wọlé, àpótí méjèèjì tí wọ́n gbé ti ilé wá ni mo kọ́kọ́ rí láàárín pálọ̀, wọ́n ti dì í pa. Ọmọ ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, fìlà wà lórí rẹ̀ nínú ooru yẹn. Mo yọjú sí yàrá wọn. Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti nù ún, wọ́n ti tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun tí mo tọ́jú pamọ́ fún àlejò, wọ́n to tówẹ́ẹ̀lì mẹ́rin sórí rẹ̀. Yàrá tèmi àti ọkọ mi náà ti mọ́ tónítóní. Ìkòkò tó tóbi jù lọ nínú ilé wà lórí iná, ìrẹsì ń hó nínú rẹ̀. Màmá mi fúnra wọn jókòó sórí àga onígi nítòsí ilẹ̀kùn, wọ́n ti wé ìbòrí wọn dáadáa, wọ́n ká ọwọ́ lé itan bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n pe orúkọ òun ní ọsibítù.

Mo ní, "Mummy, kí ló dé?"

"Àwọn soldier ti wá," ni wọ́n wí. "Mẹ́jìlá ni wọ́n. Èmi àti ọmọ á máa sùn ní parlour, kí ìwọ àti ọkọ ẹ wá ibì kan sùn sí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn o. Mo ti fún wọn ní key."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Ọmọkùnrin ṣọ́jà kan ló kan ilẹ̀kùn, ó ń pín ìwé láti ilé dé ilé. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, mo kà á. Ó ní àwọn ṣọ́jà máa wà ládùúgbò wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n máa ṣe ìdánrawò lórí pápá tó wà lẹ́yìn odò, ó ṣeé ṣe kí ariwo ọkọ̀ dí wa lọ́wọ́, àti pé àwọn dúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí màmá mi ṣì kà. Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé. Wọ́n gbé omi fún ọmọkùnrin náà bí a ṣe ń ṣe fún àlejò, wọ́n sì bi í pé mélòó ni wọ́n. Òun rò pé wọ́n kàn ń bá òun tàkúrọ̀sọ lórí iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ṣe ni, ó ní mẹ́jìlá. Ni màmá mi bá wọlé, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ kan tó wà ní ìpamọ́ lórí ìṣó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, wọ́n ní kó gbà á, kò sí ìjà. Ọmọkùnrin náà fẹ́ dá a padà. Màmá mi ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ọmọ wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n ń ṣe àdúà. Gbogbo bí ó ṣe ń kan ilẹ̀kùn, wọn kò dá a lóhùn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àpótí lẹ́tà wa wà, kò sí ihò kankan lára ilẹ̀kùn tí ìbá ti jù ú sí, abẹ́ rẹ̀ sì há jù fún kọ́kọ́rọ́, nítorí náà ó ti bébà pélébé kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ yín wà lọ́wọ́ mi, mo máa padà wá lọ́la ní aago mẹ́rin.

"O rí i?" ni màmá mi wí. "Wọ́n ti fún wa ní receipt."

Ẹ̀rín ni mo rín. Mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi, mo ní Mummy, ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ mi kó wá gbọ́. Inú ń bí mi sí ara mi lórí ẹ̀rín yẹn títí di bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, nítorí nígbà tí mo wo ojú wọn, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n gan-an, ẹ̀rù tí n kò rí lójú wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá mi lọ sí ọsibítù tí kò sì padà wá.

Wọ́n ní kí n pa iná ìrẹsì kí n jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà ogun abẹ́lé. Ilé bàbá wọn wà lójú títì ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fi owó kòkó kọ́. Lọ́jọ́ kan ṣọ́jà kan mú ìwé wá, ó kí wọn dáadáa, ó sì dúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Aládùúgbò wọn tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ jiyàn. Wọ́n nà án lójú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì gba ilé náà pàápàá. Bàbá màmá mi rí i. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ṣọ́jà náà, ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ṣọ́jà náà dá. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó lọ. Ìyá màmá mi ń se oúnjẹ fún àwọn ọkùnrin tí kò mọ orúkọ wọn. Ilẹ̀kùn yàrá méjì lókè ni wọ́n tú fi dáná. Bí bàbá wọn bá fẹ́ mú Kùránì rẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀, á kan ilẹ̀kùn, á dúró, á sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ tó lè bí. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà lọ tán, màmá mi ní, bàbá àwọn kò ṣíwọ́ kíkan ilẹ̀kùn.

Èmi mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Nígbà ọlidé tí wọ́n bá kó wa lọ sílé bàbá àgbà, mo máa ń rí i tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin á sá wọ yàrá náà ṣáájú rẹ̀, a ó sì fi ohùn ńlá dáhùn láti inú pé, "Wọlé!" Bàbá àgbà á rẹ́rìn-ín, á wọlé. A rò pé ó ń bá wa ṣeré ni. Kò sí àgbàlagbà kankan tó bá wa wí, màmá mi pàápàá kò bá wa wí, èmi ò sì bi ara mi léèrè rí pé kí nìdí tí wọ́n fi máa ń kúrò níbẹ̀ tí a bá bẹ̀rẹ̀ eré náà.

Ọkọ mi dé kí oòrùn tó wọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó fẹ́ lọ sí bárékè lọ béèrè kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n màmá mi bẹ̀ ẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún un, ìyá ìyàwó rẹ̀, pé kó má lọ bá ṣọ́jà fa ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó bá wọn pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n ní àwọn ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, àwọn kò lè gbé e lẹ́ẹ̀mejì láyé. Mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mo ń ronú iṣẹ́ mi, ojú sì ń tì mí pé iṣẹ́ ni mo ń rò.

Àbúrò mi tí a jọ máa ń ṣe eré yẹn ló pè láti Texas nírọ̀lẹ́ náà. Ó ń kàwé lọ́wọ́ nígbà yẹn láti dáhùn ìbéèrè àwọn tó fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbogbo òfin wọn ló wà lórí ahọ́n rẹ̀. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó ní, "Eré 'Wọlé' yẹn!" Ó wá ní kí n gbé fóònù sí etí màmá wa.

"Mummy, ẹ gbọ́. Ó wà nínú constitution níbí, Third Amendment. Wọn ò lè fi soldier kankan sínú ilé ẹnikẹ́ni tí kò bá sógun, àfi tí onílé bá gbà."

"Tí ogun bá dé ńkọ́?"

Ó ní bí ogun dé, ó di ohun tí òfin bá là sílẹ̀; ọ̀gá ṣọ́jà kankan kò kàn lè dédé pinnu rẹ̀. Màmá mi rò ó wò. Ojú olùkọ́ ni wọ́n fi rò ó, mo rí i. Wọ́n wá ní, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, ti ibí ńkọ́? Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò ní London nígbà náà, mo mọ òfin ibi tí a ti ń da ilẹ̀, mo mọ òfin ẹni tó pàkì mọ́tò sí ibi tí kò yẹ, n kò sì mọ̀ bóyá ṣọ́jà lè wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe Auntie kan ní Woolwich, lọ́yà tó ń bá àwọn ará wa ṣe ìwé ìgbélùú. Ó gbà mí gbọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní níbí, kò sí ìwé òfin ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo bíi ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí irinwó ọdún tí àwọn aṣojú ará ìlú ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ó tó gẹ́ẹ́, kó yéé kó ṣọ́jà sínú ilé àwọn ní tipátipá, ọba náà sì fọwọ́ sí i. Ó ní nígbà tó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà lọ ń fi ṣọ́jà ni àwọn ará Amẹ́ríkà lára, ìdí nìyẹn tí àwọn náà fi kọ ọ́ sínú tiwọn. Kò tàn mí. Ó ní lákòókò ogun ńlá, ìjọba ibí ti ṣe òfin tó fi gba ilé àwọn ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n lónìí, nínú fúláàtì wa, kò sí ṣọ́jà tó lè wọlé bí a bá ní kó má wọlé.

Orí spíkà ni mo gbé fóònù sí, màmá mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi rò pé apá ìgbẹ̀yìn ló máa tù wọ́n nínú. Ti ọba yẹn ló mú wọn lọ́kàn.

"Wọ́n ti ṣe é fún òyìnbó náà rí?" ni wọ́n bi mí lẹ́yìn tí Auntie ti lọ. "Inú bí wọn, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń mi orí. Ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, wọ́n rò pé ìtìjú ilé bàbá àwọn nìkan ni, ohun tí ènìyàn kì í sọ síta.

Ní aago mẹ́rin ku díẹ̀, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò Thamesmead tí afẹ́fẹ́ odò máa ń fi ẹ̀gbẹ́ fẹ́ wọlé. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, màmá mi ní rárá, kí n gbé ọmọ, àwọn ló fún un ní kọ́kọ́rọ́, àwọn ló máa gbà á. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Ọmọdé ni ṣọ́jà náà. Kò lè ju ogún ọdún lọ, etí rẹ̀ pọ́n, òjò ti pa á, ó tutù rinrin. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọ̀rá kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun kò mọ ohun tí òun ṣe tó dẹ́rù bà wọ́n, ó ní bí ìyá òun bá gbọ́ pé òun gbé kọ́kọ́rọ́ obìnrin àgbà lọ, ìyá òun á bínú. Màmá mi gba ọ̀rá náà. Wọ́n dúpẹ́. Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà wo òjò, ó wo inú ilé wa, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá òun lè dúró sínú ilé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọkọ̀ wọn tó wá gbé òun.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ nínú òjò, o kì í jẹ́ kó béèrè rárá, wàá ti fà á wọlé, wàá ti wá aṣọ gbígbẹ fún un. Mo ti la ẹnu láti sọ pé kó máa bọ̀.

"No," ni màmá mi wí, ohùn wọn mọ́ kedere bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wọn. "You cannot come inside."

Ọmọkùnrin náà kàn mi orí, ó ní kò sí wàhálà, ma, ó dá fìlà rẹ̀ padà sórí, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn. Kò fajú ro. Kò tún ọ̀rọ̀ sọ. A gbọ́ bàtà rẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

"Ó lọ," ni màmá mi wí. Wọ́n wò mí. "Mo ní kó má wọlé, ó sì lọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó tún padà di ẹ̀rín. Wọ́n jókòó sórí ọ̀kan nínú àpótí wọn, wọ́n ń fi ìbòrí nu ojú, èmi náà ń sunkún lórí ọmọ. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú márùn-ún wọ́n dìde, wọ́n yọjú lójú fèrèsé. Ọmọkùnrin ṣọ́jà náà wà lábẹ́ ìbòrí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, ó ń nawọ́ gba òjò bí ọmọ kékeré. Wọ́n bu ìrẹsì sínú ike láti inú ìrẹsì àná tó tó ènìyàn mẹ́jìlá jẹ, wọ́n fi ẹja lé e, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún un. "Òde ni kó o ti fún un o," ni wọ́n wí. Òde náà ni mo ti fún un. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ata ta á, ó tún dúpẹ́.

Nígbà tí mo gòkè padà, màmá mi ti kó aṣọ wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti sùn sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun mi, ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n lo oṣù mẹ́fà wọn pé. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti gbọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ pé òfin ayé àtijọ́, bébà lásán ni. Èmi náà máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí bébà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé irinwó ọdún tó gbé obìnrin kan dìde lórí àga onígi, tó sì jẹ́ kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọn kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ. Ní bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lórí fóònù, mo bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀ pé wọ́n jẹ́ kí ọmọ yẹn dúró síta.

"Ọmọ dáadáa ni, kò ṣẹ̀ mí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n bàbá mi ni mo gbẹnu sọ fún."